Ìyípo omi ìtútù nínú ẹ́ńjìnnì

Ìyípo omi ìtútù nínú ẹ́ńjìnnì ni ọ̀nà tí omi ń gbà kọjá lára àwọn irin tí iná ń jó nínú wọn, tí ó ń gba ìgbóná lára wọn, tí ó sì ń gbé ìgbóná náà lọ síbi tí afẹ́fẹ́ tàbí omi mìíràn yóò ti gbà á. Ó wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, nínú jẹnẹrétọ̀ ńlá, nínú ọkọ̀ ojú omi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú ikùn ọkọ̀, àti nínú ẹ́ńjìnnì dísù tí ń yí ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá. Ní Adó-Èkìtì àti àwọn ìlú àárín Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ibi tí odò kò ti tóbi tó èyí tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ńlá lè máa gbà, ẹ̀rọ ìlọta ni ibi tí ojú ti lè rí ìyípo náà kedere, nítorí pé àgbá omi tí ó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù máa ń dúró sí gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí páìpù tàbí hóòsì méjì sì so wọ́n pọ̀. Nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, omi ń yí láìsí pọ́ǹpù kankan. Nínú ọkọ̀ ojú omi, pọ́ǹpù ni ó ń tì í.

Orúkọ

Nínú Yorùbá ojoojúmọ́, ẹ̀rọ lè jẹ́ orúkọ fún ohunkóhun tí ènìyàn ṣe láti dín iṣẹ́ ọwọ́ kù, láti orí kọ̀ǹpútà dé orí omi ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí obìnrin kan ní Adó bá sọ pé òun ń lọ sí ẹ̀rọ, ilé tí wọ́n ti ń lọ ata, ẹ̀wà, àgbàdo tàbí èlùbọ́ ni ó ń wí. Ní ẹ̀ka-èdè Èkìtì, níbi tí fáwẹ̀lì u ti lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, ulé ni ènìyàn yóò gbọ́ dípò ilé. Àwọn tí ń tọ́jú ẹ̀rọ wọ̀nyí ya ohun méjì sọ́tọ̀: ẹ́ńjìnnì ni èyí tí ń jó epo, ẹ̀rọ sì ni èyí tí ẹ́ńjìnnì ń fi bẹ́líìtì yí. Ìyàtọ̀ yìí ni àyọkà yìí tẹ̀lé, nítorí pé ẹ́ńjìnnì nìkan ni omi ìtútù wà fún.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe ìyípo tí kò lo pọ́ǹpù ní thermosiphon. Kò tíì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan pàtó tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí fún un. Àwọn mẹkáníìkì kàn máa ń sọ pé omi ń yí, tàbí pé kò yí.

Ìdí tí ẹ́ńjìnnì fi nílò ìtútù

Nígbà tí epo bá jó nínú sílíńdà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gbóná kọjá 2,000°C fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Irin tí wọ́n fi da ara ẹ́ńjìnnì yóò yọ́ ní nǹkan bí 1,200°C, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe písítìnì púpọ̀ yóò sì yọ́ ní 660°C. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n yọ́ ni pé iná náà kì í pẹ́, afẹ́fẹ́ tútù sì tún ń wọlé lẹ́yìn rẹ̀, àti pé ìgbóná tí ó bá wọ inú irin ń rí ọ̀nà jáde. Bí ọ̀nà náà bá dí, kò dìgbà tí irin bá yọ́ kí ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́. Ọ́ìlì tí ó wà láàárín písítìnì àti ògiri sílíńdà yóò kọ́kọ́ ṣàn bí omi, yóò sì jó. Písítìnì yóò wú, yóò máa họ ògiri, yóò sì há síbẹ̀. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì.

Nínú gbogbo agbára tí ó wà nínú dísù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni ó di iṣẹ́. Ìdá kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o bá èéfín jáde, èyí tí ó kù sì gba ara irin lọ sínú omi ìtútù, díẹ̀ sì gba ara irin sínú afẹ́fẹ́. Nítorí náà, ìgbóná tí omi ní láti gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe gan-an. Ẹni tí ó bá ra ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 6 ti ra iná ìdáná kan tí agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, omi inú àgbá sì ni ìkòkò tí ó gbé ka iná náà.

Wọ́n ń lo omi nítorí pé ohun tí ó lè gba ìgbóná mọ́ra tó o kò wọ́pọ̀. Lítà omi kan nílò kìlójúùlù 4.2 kí ó tó gbóná sí i ní 1°C. Afẹ́fẹ́ tí ó kún ìgò lítà kan kò nílò ju ìdá kan nínú nǹkan bí 3,500 èyí lọ. Àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké, irú bíi ti alùpùpù ọ̀kadà àti ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ọmọ Nàìjíríà sọ ní I-better-pass-my-neighbour, ń fi afẹ́fẹ́ tutù. Ìdí nìyẹn tí ara sílíńdà wọn fi rí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ojú-ewé ìwé tí a ṣí, kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi púpọ̀ fọwọ́ kàn. Fún ẹ́ńjìnnì tí yóò fi wákàtí púpọ̀ rin gbágùúdá lábẹ́ òrùlé páànù, omi ni ó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé jù.

Ẹ́ńjìnnì Lister àti àwọn tí ó jọ ọ́

Orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ fún ẹ́ńjìnnì ilé ẹ̀rọ ni Lister, kódà nígbà tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ yẹn ni ó ṣe é. Robert Ashton Lister dá ilé-iṣẹ́ R. A. Lister sílẹ̀ ní ìlú Dursley, ní Gloucestershire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1867. Ẹ́ńjìnnì dísù rẹ̀ tí ó lókìkí jù, èyí tí wọ́n ń pè ní CS, jáde ní 1929. Lẹ́tà méjì náà dúró fún Cold Start, ìyẹn ni pé a lè fi ọwọ́ yí i kí ó sì dá láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ fi iná yá orí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì elépo wúwo ìgbà náà. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ní sílíńdà kan. Ó ní agbára ẹṣin 5 bí ó bá ń yí ní ìgbà 600 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí ẹṣin 6 ní ìgbà 650. Fláíwíìlì ńlá méjì ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Wọ́n dẹ́kun ṣíṣe CS ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1987, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ní ìlú Rajkot, ní ìpínlẹ̀ Gujarat ní Íńdíà, ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́, wọ́n sì ń bá a lọ. Ohun tí ó mú kí ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbó bẹ́ẹ̀ ṣì wúlò ni pé kò yára yí, gbogbo ara rẹ̀ ni ènìyàn lè tú pẹ̀lú sípánà díẹ̀, kò sì ní pọ́ǹpù omi tí yóò bàjẹ́. Ìtútù rẹ̀ kò ní ju àgbá, páìpù méjì àti omi lọ.

Bí omi ṣe ń yí láìsí pọ́ǹpù

Àyè ṣófo kan wà láàárín ògiri inú àti ògiri òde sílíńdà, tí ó yí i ká bí ẹ̀wù. Omi wọ inú àyè yìí láti ìsàlẹ̀, ó gòkè lọ sínú tọ́ọ̀pù sílíńdà, níbi tí iná ti ń jó lókè písítìnì gan-an, ó sì jáde láti òkè. Páìpù ìsàlẹ̀ so ìdí àgbá mọ́ ìsàlẹ̀ sílíńdà. Páìpù òkè so tọ́ọ̀pù sílíńdà mọ́ apá òkè àgbá.

Agbára tí ń mú omi yí jẹ́ ìyàtọ̀ ìwúwo. Omi tí ó gbóná fúyẹ́ ju èyí tí ó tutù lọ: ní 20°C, lítà omi kan wúwo tó gíráàmù 998, ní 50°C, ó di 988, ní 80°C, ó di 972. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, omi inú ẹ̀wù sílíńdà gbóná, ó fúyẹ́, omi tútù tí ó wúwo láti inú àgbá sì ń tì í lọ sókè láti ìdí. Omi gbígbóná náà bá páìpù òkè lọ sínú àgbá, ó dúró lójú omi, ó ń fi ìgbóná rẹ̀ lé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ láti ojú omi àti láti ara àgbá, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń tutù. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò ẹ̀wà tí ó ń hó, níbi tí a ti ń rí ẹ̀wà tí ń gòkè láti àárín, tí ó sì ń rì padà ní etí ìkòkò.

Ohun tí ó dára nínú ètò yìí ni pé ó ń wọn ara rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá le, tí ẹ́ńjìnnì sì gbóná sí i, ìyàtọ̀ ìwúwo á pọ̀ sí i, omi á sì yára sí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá dúró, omi náà á rọra dúró. Henry Ford lo irú rẹ̀ nínú ọkọ̀ Model T tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láti 1908 sí 1927: pọ́ǹpù omi wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ kúrò láìpẹ́.

Àbùkù rẹ̀ ni pé agbára náà kéré gan-an. Bí omi inú ẹ́ńjìnnì bá wà ní 80°C tí ti inú àgbá sì wà ní 50°C, tí gíga ìyípo náà sì jẹ́ mítà kan, ohun tí ń ti omi kò ju ìwúwo omi tí ó ga ní mílímítà 16 lọ. Ọmọdé tí ń fi súrọ́ọ̀ mu omi ọsàn ń lo agbára tí ó ju èyí lọ fíìfíì. Nítorí náà, ohun tí pọ́ǹpù ìbá borí láìmọ̀ lè dá omi yìí dúró pátápátá. Páìpù tín-ín-rín kò dára, bẹ́ẹ̀ ni hóòsì tí ó ká lọ́rùn. Páìpù òkè ní láti máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ẹ́ńjìnnì títí dé àgbá. Bí ó bá gòkè tí ó sì tún sọ̀kalẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ooru omi yóò kó jọ sí ibi tí ó ga náà, wọn yóò sì di ojú ọ̀nà. Wọ́n sábà máa ń gbé àgbá lé orí búlọ́ọ̀kù kí ìdí rẹ̀ má bàa rẹlẹ̀ ju ìsàlẹ̀ sílíńdà lọ. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé nítorí ìpẹtà ni.

Ojú omi nínú àgbá

Nínú gbogbo ohun tí ó ń ba ẹ́ńjìnnì alágbàá jẹ́, èyí ni ó rọrùn jù láti ṣàlàyé, òun náà ni ó sì ń tan ènìyàn jẹ jù. Ojú omi inú àgbá gbọ́dọ̀ ga ju ẹnu páìpù òkè lọ nígbà gbogbo. Bí omi bá fà tí ó sì lọ sílẹ̀ ju ẹnu páìpù náà lọ, ìyípo ti já. Omi gbígbóná kò ní lè fò kọjá àyè tí ó ṣófo láti dé inú àgbá. Àgbá náà lè ṣì kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí omi inú rẹ̀ tutù bí omi amù, kí omi inú ẹ̀wù sílíńdà sì máa hó. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan ara àgbá yóò rò pé kò sí ewu.

Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, nígbà tí kànga ń gbẹ tí omi sì di ohun tí ènìyàn ń rà. Lítà omi mẹ́wàá tí a kò bù kún àgbá lè mú kí tọ́ọ̀pù sílíńdà sán, owó rẹ̀ kò sì ṣeé fi wé ti omi. Àmì tí a lè fi mọ̀ ni páìpù òkè fúnra rẹ̀. Bí ìyípo bá ń lọ déédéé, páìpù òkè gbóná láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, páìpù ìsàlẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ tàbí kí ó tutù. Bí ó bá gbóná janjan ní ìdí ẹ́ńjìnnì ṣùgbọ́n tí ó tutù lẹ́bàá àgbá, omi kò yí.

Ìwọ̀n omi àti àkókò

Ìṣirò díẹ̀ lè fi hàn ìdí tí wọ́n fi ń lo àgbá ńlá. Agbára ẹṣin 6 jẹ́ nǹkan bíi kìlówáàtì 4.5. Bí ìgbóná tí ó bọ́ sínú omi bá tó bẹ́ẹ̀, tí omi sì ń fi 30°C gbóná sí i bí ó ti ń kọjá nínú ẹ́ńjìnnì, omi tí ó ní láti kọjá kò ju nǹkan bíi lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan lọ. Omi inú àgbá onílítà 200 yóò gbà tó wákàtí kan àti ààbọ̀ kí ó tó yí tán lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní 27°C, tí a sì kà á sí pé àgbá kò fi ìgbóná kankan lé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, yóò gbà tó wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 45 kí gbogbo rẹ̀ tó dé 80°C. Ní tòótọ́, àgbá ń tutù bí ó ti ń gbóná, nítorí náà àkókò náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ìlọta kì í sì í ṣiṣẹ́ láìdúró. Láàárín oníbàárà kan sí èkejì, omi ń rí àyè mí. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ níbi tí wọ́n ti ń rin gbágùúdá fún gàrí, níbi tí òkìtì pákí kan lè mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Irú ibẹ̀ ni a ti máa ń rí àgbá méjì tí wọ́n so pọ̀, tàbí táǹkì tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ.

Gíga ilẹ̀ náà ní ipa díẹ̀. Adó-Èkìtì ga tó nǹkan bíi mítà 450 sí ojú òkun, omi tí kò ní ìdérí sì ń hó níbẹ̀ ní nǹkan bí 98.5°C dípò 100°C tí ó ń hó ní etí òkun ní Èkó. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Omi tí ó tutù jù pẹ̀lú kò dára. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí omi ẹ̀rọ máa wọlé tuntun láti ìsàlẹ̀ kí ó sì máa dà nù lókè, pẹ̀lú èrò pé bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe tutù tó ni yóò ṣe pẹ́ tó. Ṣùgbọ́n nínú ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó, epo kì í jó tán, omi àti ásíìdì inú èéfín sì ń sẹ̀ sára ògiri sílíńdà, wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Ìwọ̀n tí ó dára fún omi tí ń jáde láti òkè jẹ́ nǹkan bí 70°C sí 90°C. Ní 60°C pàápàá, ọwọ́ kò lè dúró lára páìpù ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, nítorí náà kí ọwọ́ máa jó ní páìpù òkè kì í ṣe àmì àìsàn.

Ẹ́ńjìnnì tí ń hó omi rẹ̀

Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré tí ó ń ti Ṣáínà wá, tí sílíńdà wọn sùn sílẹ̀ dípò kí ó dúró, ọ̀pọ̀ ni kò ní àgbá rárá. Irú wọn ni R175 àti S195; nọ́ńbà 1 dúró fún sílíńdà kan, 75 tàbí 95 sì ni fífẹ̀ ihò sílíńdà ní mílímítà. Àpótí omi kan tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ wà lórí sílíńdà, omi inú rẹ̀ sì ń hó ní gbangba. Èyí kì í ṣe àṣìṣe: lítà omi kan tí ó bá hó di ooru omi máa ń gbé nǹkan bíi kìlójúùlù 2,257 lọ, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí ó máa gbé bí ó bá kàn gbóná láti 30°C sí 80°C lọ. Gbèsè ibẹ̀ ni pé omi náà ń tán. Bí gbogbo ìgbóná kìlówáàtì 4.5 bá jáde bí ooru omi, yóò jẹ omi tí ó lé díẹ̀ ní lítà 7 ní wákàtí kan. Ẹni tí ń tọ́jú irú ẹ́ńjìnnì yìí kò gbọdọ̀ jìnnà sí kẹ́ẹ̀gì omi. Àwọn mìíràn nínú wọn ní rédíétọ̀ kékeré àti fáànù dípò àpótí.

Nínú ọkọ̀ ojú omi

Ó lè dà bí ẹni pé ọkọ̀ tí ó wà lórí omi kò lè ní ìṣòro omi ìtútù. Omi náà gan-an ni ìṣòro. Omi òkun ní iyọ̀, omi ọ̀sà sì ní ẹrẹ̀, koríko àti ọ̀rá. Bí omi oníyọ̀ bá gbóná kọjá nǹkan bí 60°C nínú ẹ́ńjìnnì, àwọn ohun tí ó yọ́ sínú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí dì mọ́ ara irin. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tí omi òkun ń gba inú rẹ̀ tààrà ní láti ṣiṣẹ́ ní ìgbóná tí ó rẹlẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ọ̀nà àbáyọ tí ó wọ́pọ̀ ni omi méjì tí kì í pàdé. Èkíní jẹ́ omi mímọ́ tí wọ́n po oògùn ìdènà ìpẹtà mọ́, tí pọ́ǹpù ń yí ká inú ẹ́ńjìnnì láìdúró. Tẹmositáàtì kan ń dá a dúró sínú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná tó, lẹ́yìn náà ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Èkejì ni omi ọ̀sà tàbí ti òkun. Ó gba ihò kan lábẹ́ ọkọ̀ wọlé, ó kọjá nínú fáàfù tí a lè tì, ó kọjá nínú asẹ́ tí ń mú koríko àti ìdọ̀tí, pọ́ǹpù tí ó ní abẹ́ rọ́bà sì ń tì í gba inú àwọn páìpù kéékèèké kan nínú àgò irin. Omi mímọ́ ń kọjá ní òde àwọn páìpù wọ̀nyí. Níbẹ̀ ni ìgbóná ti ń kúrò lára omi kan bọ́ sára èkejì láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ kan ara wọn. Lẹ́yìn èyí, wọ́n sábà máa ń da omi ọ̀sà náà sínú páìpù èéfín, ó mú èéfín tutù débi pé hóòsì rọ́bà lè gbé e, méjèèjì sì jọ ń tú jáde ní ìdí ọkọ̀. Awakọ̀ tí ó gbọ́n máa ń bẹ ìdí ọkọ̀ wò lẹ́yìn tí ó bá dá ẹ́ńjìnnì: bí èéfín bá ń jáde tí omi kò bá a jáde, kí ó pa á kíákíá. Abẹ́ rọ́bà pọ́ǹpù náà kò lè ṣiṣẹ́ ní gbígbẹ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò ya.

Nínú ọkọ̀ mìíràn, kò sí omi ọ̀sà tí ń wọlé rárá. Omi mímọ́ ni ó ń gba páìpù tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ọkọ̀ lọ, tí omi òde ń mú un tutù níbẹ̀, tí ó sì ń padà wá. Ọ̀nà yìí dára fún ibi tí ẹrẹ̀ àti koríko pọ̀ sí.

Ní Èkó, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré akérò ni ẹ́ńjìnnì wọn wà lẹ́yìn ìdí ọkọ̀, tí ó ń fa omi láti ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó wà nínú omi, tí ó sì ń tu omi tín-ín-rín kan síta láti fi hàn pé pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ tí ń fa ọkọ̀ ńlá ní èbúté Àpápá ni ẹ́ńjìnnì wọn wà nínú ikùn. Ọ̀tá gbogbo wọn ni koríko olódòdó elésè-àlùkò tí ń léfòó, tí a mọ̀ sí water hyacinth. Ní 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i ní odò Àgbádárìgì, lẹ́yìn tí ó ti gba ojú omi wá láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó sì tàn káàkiri ọ̀sà Èkó àti àwọn odò Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Gbòǹgbò rẹ̀ ń dí ẹnu ihò omi, ó sì ń kún inú asẹ́. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iyọ̀ inú ọ̀sà bá pọ̀ sí i, koríko náà máa ń kú lọ, ṣùgbọ́n iyọ̀ tí ó pa á ni yóò wá máa jẹ irin. Wọ́n ń fi ègé irin síǹkì sínú ọ̀nà omi kí iyọ̀ lè jẹ ẹ́ dípò ẹ́ńjìnnì.

Ewu kan wà tí ilé ẹ̀rọ ní Adó kò mọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá kọ̀ láti dá, tí awakọ̀ sì ń yí i léraléra, pọ́ǹpù yóò máa da omi sínú páìpù èéfín, èéfín kò sì sí tí yóò tì í jáde. Omi náà lè padà sínú sílíńdà. Omi kì í sún kì bí afẹ́fẹ́, nítorí náà ọ̀pá písítìnì ni yóò tẹ̀. Bákan náà, hóòsì kan tí ó bá já nísàlẹ̀ ojú omi tó láti rì ọkọ̀ tí ó so mọ́ èbúté lóru, bí a kò bá ti fáàfù.

Ìbàjẹ́, ìtọ́jú àti ewu

Omi kànga tí ó ti gba ara àpáta kọjá máa ń ní ohun yíyọ́ nínú. Bí ó bá ń gbóná lójoojúmọ́, ohun funfun tí a ń rí ní ìdí kẹ́tùlù yóò bo ògiri inú ẹ̀wù sílíńdà. Ìgbóná kì í tètè la inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà ẹ́ńjìnnì lè gbóná jù nígbà tí omi rẹ̀ ń yí dáadáa. Omi odò tí ó dà bí ẹrẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹrẹ̀ ń sùn sí ìsàlẹ̀ ẹ̀wù náà, ní ẹnu páìpù tí omi tútù ń bá wọlé. Omi òjò tí a gbé sábẹ́ òrùlé tí ó mọ́ ni ó dára jù, ó sì pọ̀ ní Èkìtì fún oṣù bíi méje. Kò sí òtútù tí yóò sọ omi di yìnyín níbí, nítorí náà oògùn olómi aláwọ̀ tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ wúlò fún dídènà ìpẹtà àti fún gbígbé ìwọ̀n ìhó omi sókè nìkan. Ó dùn lẹ́nu, ó sì jẹ́ májèlé. Kò yẹ kí ó wà níbi tí ọmọdé tàbí ewúrẹ́ lè dé.

Omi inú àgbá tún ń sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ń yọ ìfófòó léraléra láti ẹnu páìpù òkè nígbà tí kò tíì gbóná, gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà ti jó, èéfín ni ó ń gba inú omi jáde. Bí ọ́ìlì bá léfòó lójú omi, tàbí tí ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì bá di funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi àti ọ́ìlì ti rí ọ̀nà sí ara wọn, wọn kò sì gbọdọ̀ dá a mọ́ títí tí mẹkáníìkì yóò fi tú u.

Èyí tí ó ń fa ìbànújẹ́ jù ni ohun tí ènìyàn ń ṣe nígbà tí ó bá rí i pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù. Ọgbọ́n àkọ́kọ́ tí ó máa ń sọ sí ọkàn ni láti bu omi tútù dà á lójú ẹsẹ̀. Irin tí ó gbóná gan-an tí omi tútù bá kàn lójijì ń sún kì ní apá kan nígbà tí apá kejì ṣì wú, ó sì ń sán. Ẹ́ńjìnnì tí ìbá wulẹ̀ sinmi fún wákàtí kan kí ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ di ohun tí a ń wá tọ́ọ̀pù sílíńdà mìíràn fún. Ohun tí ó yẹ ni láti kọ́kọ́ yọ bẹ́líìtì tàbí dá iṣẹ́ dúró, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a sì jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀ kí a tó bu omi, omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ó bá wà. Omi tí a dà lójijì sínú ẹ̀wù tí ó ti gbẹ tún lè di ooru omi lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì tú jáde sí ẹni tí ó dà á lójú. Bákan náà ni ìdérí rédíétọ̀: ó ń ti omi mọ́ inú pẹ̀lú agbára kí ó má bàa hó títí ìgbóná rẹ̀ yóò fi kọjá 100°C dáadáa, nítorí náà omi tí ó dákẹ́ lábẹ́ rẹ̀ lè hó lọ́gán tí a bá ṣí i. Ọ̀pọ̀ àpá iná lójú àti àyà àwọn mẹkáníìkì ti ibẹ̀ wá.

Ọ̀pọ̀ àgbá tí wọ́n ń lò ti gbé ọ́ìlì tàbí kẹ́míkà rí kí ó tó di àgbá omi, ìpẹtà irin sì ń yọ́ sínú omi náà bí ó ti ń yí. Kò ṣeé fi fọ ata tàbí gbágùúdá, kò sì ṣeé fi ṣan ẹnu ẹ̀rọ ìlọta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni omi tí ó súnmọ́ jù tí ó sì ti gbóná tán. Àwọn ilé ẹ̀rọ tí ó létò máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi tí wọ́n fi ń ṣan ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ọwọ́ má bàa ṣì í.